Bàbá Mi Àti Òkun

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ wa sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá)

   

Ìgbìmọ̀ ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òbí tó ti lọ. Wọ́n ní kó má kọjá ogún ìṣẹ́jú, Akọ̀wé wa sì ti gbé aago rẹ̀ síwájú, mo rí i. Láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a ti sin bàbá mọ́kànlá àti ìyá mẹ́fà. Èmi ni mo ń kọ ìkéde wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ iye wọn láìṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Nínú gbogbo ìkéde yẹn, ohun kan náà la máa ń kọ: bàbá rere, ẹni tó fẹ́ràn ẹbí, ẹni tó tọ́ ọmọ yanjú. Òótọ́ ni, n kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá to mọ́kànlá náà sójú kan, tó sì yọ orúkọ kúrò lórí wọn, kò ní mọ èyí tó jẹ́ bàbá Akápò yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ bàbá Igbákejì Alága. Nítorí náà bàbá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, bàbá tèmi, àti nǹkan kan ṣoṣo tí a kò kọ sínú ìkéde tirẹ̀ ní 2017. Ó fẹ́ràn òkun.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Owódé Ẹ̀gbá la wà. Bí ẹ dákẹ́ kẹ́kẹ́ báyìí, ẹ ò lè gbọ́ ariwo ìgbì kankan níbí, àfi ti ọkọ̀ tírélà. Odò Ògùn lomi ńlá tó sún mọ́ wa jù, òun náà sì ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ ni. Ilẹ̀ la mọ̀ ní ìhín: ìrẹsì Ọ̀fàdà, gbágùúdá, ọjà Owódé. Àwọn baba wa bẹ̀rù òkun, wọn ò sì jẹ̀bi, torí òkun ló gbé èèyàn wa lọ. Àjàyí Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, inú ọkọ̀ ẹrú ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ọdún 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko ni ìyá ò fi rí ọmọ. Ta ni yóò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí yóò máa fi ọmọ rẹ̀ ṣeré létí òkun?

Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1839 ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Sàró ti ń wọ ọkọ̀ padà wá sí Èkó àti Bàdágìrì, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ rìn wá sí Abẹ́òkúta. Bàbá mi fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, ibi tí àwọn èèyàn ti ń padà bọ̀ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òkun ò dáa, òkun ló kó wa lọ, á ní, "Ẹ gbọ́, ta ló wá gbé wọn bọ̀?"

Abúlé kan lẹ́bàá odò Ògùn, lápá Mòkólòkí, ni wọ́n bí i sí ní 1946. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Abẹ́òkúta ní 1899, odò yẹn ni ọ̀nà ọjà láàárín Èkó àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń kó epo àti èkùrọ́ lọ, tí wọ́n fi ń kó iyọ̀ àti aṣọ bọ̀. Rélùwéè gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, àmọ́ bàbá bàbá mi ṣì ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé èèyàn sọdá nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé. Ó ní òun bi bàbá òun pé níbo ni omi yìí ń lọ. Bàbá ní ó ń lọ sínú ọ̀sà. Ọ̀sà ńkọ́? Ó ń lọ sínú òkun. Òkun ńkọ́? Bàbá ní kó jókòó dáadáa kó má dojú ọkọ̀ dé. Bàbá mi ní torí ìbéèrè tí wọn ò dá òun lóhùn yẹn ni òun ṣe lọ sí Apápá.

Ọdún 1968 ló lọ, ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń kó ẹrù ní èbúté ló mú un mọ́ àwọn tó ń gba atukọ̀ sí iṣẹ́. Ìgbà yẹn Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tirẹ̀, Nigerian National Shipping Line, NNSL. Ní 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀: ìjọba ní ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé-iṣẹ́ òyìnbó Elder Dempster ní 33, Palm Line ní 16. Ní 1961 ìjọba ra ìpín àwọn òyìnbó méjèèjì, ó wá di tiwa pátápátá. Orúkọ àwọn odò wa ni wọ́n fi ń sọ àwọn ọkọ̀ náà: River Niger, River Benue, River Hadejia, River Ethiope. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ River Ogun. Bàbá mi wọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ọmọ Mòkólòkí tó dúró lórí èbúté Liverpool nínú òtútù, tó gbójú sókè, tó rí orúkọ odò tó ti ń wẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sí imú ọkọ̀. Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí ẹni tí àwọn jọ wà fi rò pé ọtí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé ọkọ̀ òkun dà bí bọ́ọ̀sì ńlá kan ni. Lókè ọkọ̀ ni bàbá mi ń ṣiṣẹ́, ó wà lára àwọn tó ń di ọwọ́ ìdarí mú, tí wọ́n ń ṣọ́ iwájú, tí wọ́n sì ń tọ́jú okùn. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣọ́ ọkọ̀. Èèyàn á ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin, á fi mẹ́jọ sinmi, á tún padà sídìí iṣẹ́. Agogo méjìlá sí mẹ́rin ni ti bàbá mi, ọ̀sán àti òru. Láti Apápá, wọ́n á yà sí Tákórádì, Freetown, Dakar, wọ́n á gba epo ní Las Palmas, wọ́n á wá kọrí sí Liverpool, tàbí Hamburg, tàbí Rotterdam. Kòkó, èkùrọ́, rọ́bà àti igi gẹdú ni wọ́n ń kó lọ. Ibi tí wọ́n ń pè ní Bay of Biscay, láàárín Sípéènì àti Faransé, ni wọ́n bẹ̀rù jù, torí ìgbì ibẹ̀ kò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.

Bí mo bá bi í pé kí ló fẹ́ràn nínú gbogbo wàhálà yìí, kì í sọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó. Ìràwọ̀ kan ló máa ń sọ. Ó ní ìràwọ̀ kan wà ní àríwá tí kì í kúrò lójú kan, gbogbo ìràwọ̀ yòókù ló ń yí i ká. Ní ilẹ̀ wa níbí, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, igi àti òrùlé ló ń bò ó, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń lọ sí àríwá, alẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gòkè sí i. Ní Dakar ó ti ga ju orí igi lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi dé Liverpool, ó ti ju ìdajì ojú ọ̀run lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, á tún máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bí mo bá rí i tó ti ń sún mọ́ omi," á ní, "mo mọ̀ pé ọbẹ̀ màámi yín kù díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ màámi wá dé. Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n jókòó sí apá ọ̀tún, aṣọ òféèfèé ni wọ́n wọ̀. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má fi iyọ̀ sí i.

Ní 1974 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyàwó atukọ̀ kì í dúró de ọkọ kó tó jẹun: wọ́n máa ń yọ apá kan sílẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, ìyàwó á sì lọ gbà á ní Apápá lóṣooṣù. Àwa òṣìṣẹ́ báǹkì lónìí á máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yangàn bíi pé àwa la dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà kò pọ̀. Ọjà ni àwọn atukọ̀ fi ń gbé ilé ró. Fíríìjì àlòkù, tẹlifíṣọ̀n, táyà, ẹ̀rọ ìránṣọ, ohunkóhun tí òyìnbó bá ti fẹ́ dànù, wọ́n á rà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n á gbé e wálé. Ilé wa ni fíríìjì àkọ́kọ́ ti wọ òpópónà wa. Màámi fi ń ta omi dídì. Àwọn kan nínú yín tẹ́ ẹ jókòó síbí, owó omi dídì yín wà lọ́rùn yín títí di òní, n kò ní dárúkọ. Nígbà tí SFEM wá dé ní oṣù Kẹsàn-án 1986, dọ́là 1 tí kò tó ₦2 kọjá ₦4 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjà náà sì yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ni wàhálà sìmẹ́ǹtì. Àwọn àgbà níbí á rántí 1975. Ìjọba ra sìmẹ́ǹtì tó nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, èbúté Èkó kò sì lè gba ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ lọ́dún kan. Ọkọ̀ tó lé ní irínwó ló tò sórí òkun lẹ́yìn Èkó, tí wọ́n ń dúró kí ó kàn wọ́n. Bàbá mi wà nínú ọkan tó ń ti Hamburg bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lójú omi, ó ń wo iná Èkó lálaalẹ́, kò sì lè wálé. Ó ní lóru, iná àwọn ọkọ̀ yẹn pọ̀ tó fi dà bí ìlú kejì tí wọ́n tẹ̀ dó sórí omi. Ó rẹwà lójú rẹ̀. Lójú màámi tó lóyún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kò rẹwà rárá. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ rí, tó dé ẹnu ọ̀nà tí kò wọlé.

Ohun tó gbé mi dìde láti sọ̀rọ̀ lónìí ló kàn. Ní oṣù Kejì 1989, River Gurara, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ NNSL, bọ́ sínú ìjì ní etí òkun Pọ́túgàl, nítòsí Cape Espichel, ó sì rì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Rédíò ló sọ fún wa. Oníròyìn ní ọkọ̀ Nàìjíríà kan ti rì, mo sì rí màámi tí wọ́n rọra gbé ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná, bí ẹni pé ìkòkò náà lè fọ́. Wọn ò mọ ọkọ̀ wo ni bàbá wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Fóònù wo ló wà ní Owódé nígbà yẹn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ sí Apápá kí wọ́n tó gbọ́ pé ọkọ̀ mìíràn ni, àti pé ó wà láyọ̀.

Nígbà tó fi máa dé ní oṣù Kẹrin, màámi ti pinnu. Wọ́n ní àwọn ò ní lè gbọ́ irú rédíò yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ tàbí omi, kó mú ọ̀kan. Bàbá mi ò jà, kò jiyàn. Ó gbé àpótí rẹ̀ fún màámi, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n wọn ní Ṣíún.

Wọ́n sọ fún àwa ọmọ pé bàbá gba ìsinmi. Inú wa dùn. Fún oṣù méje, a ní bàbá bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Ó mú wa lọ sílé ìwé. Ó gba oko ìrẹsì lápá Ọ̀fàdà, a sì ń bá a lé ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé pẹ̀lú àgbàlagbà tí nǹkan kan kú nínú rẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Ó ń jẹun, kò sanra. Ó ń dáhùn, kì í bèèrè nǹkan kan. Bàbá tó máa ń sọ ìtàn títí a ó fi sùn lọ, ó di ẹni tó ń sọ pé ẹ lọ sùn. Lóru, ó ń jí ní agogo méjìlá, á lọ dúró sẹ́yìn ilé, á kọjú sí àríwá níbi tí ògiri aládùúgbò wà.

Màámi ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn tí bàbá ti kú nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an: "Mo rò pé òkun ló ń gbà á lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo gba òkun lọ́wọ́ rẹ̀ tán ni mo rí i pé ohun tó kù fún mi ò pọ̀." Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n lọ sí Ṣíún fúnra wọn, wọ́n ru àpótí náà bọ̀, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Olówó orí mi, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n èbúté yòówù kẹ́ ẹ dé, ẹ kọ lẹ́tà sí mi."

Bàbá mi kọ lẹ́tà. Nígbà tí a ṣí àpótí náà ní 2017, mọ́kànlélọ́gọ́ta la bá níbẹ̀, tí màámi dì pọ̀ pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí èyí tó gùn. "Mo ti dé Dakar. Omi tòrò. Ṣé ẹ ti ra ìwé fún àwọn ọmọ?" "Mo ti dé Antwerp. Òtútù pọ̀. Ẹ má tíì ta fíríìjì yẹn." Àwọn mìíràn dé lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti dé, ó sì máa ń jókòó ti màámi bí wọ́n ṣe ń kà á, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Inú àpótí náà la ti rí ìwé atukọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ìwé pélébé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí ní ọjọ́ tó bá wọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tó bá sọ̀. Òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀ láti 1968. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kọkànlá 1989, kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti béèrè, ibẹ̀ náà ni màámi ti jókòó tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Bàbá mi kò fi ìgbà kankan sọ ọ́. Títí tó fi kú, ìsinmi ló pè é.

Ó ṣe iṣẹ́ náà títí di 1995, nígbà tí ìjọba ti NNSL pa. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ báǹkì ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n pàṣẹ ọkọ̀ tuntun mọ́kàndínlógún pọ̀ láti South Korea àti Yugoslavia. Ilé-iṣẹ́ tó bá fi gbèsè ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ máa rí ẹrù kó lójoojúmọ́. Ọrọ̀ ajé wá ṣubú ní àwọn ọdún 1980, náírà já, gbèsè gorí gbèsè, ó di pé àwọn tí wọ́n jẹ lówó ń fi òfin de àwọn ọkọ̀ náà mọ́ èbúté òkèèrè. Bí wọ́n bá gbé ìwé irú ẹ̀ wá sórí tábìlì mi lónìí, n kò ní fọwọ́ sí i. Bàbá mi gbọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó ní, "Ìwọ ò ní fọwọ́ sí i, àmọ́ ṣé o ti rí i bí ọkọ̀ tuntun ṣe ń kọ́kọ́ wọ omi rí?" Kí lèèyàn á fi dáhùn ìyẹn?

Ó padà sí Owódé, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Iṣẹ́ náà fi í sílẹ̀, agogo méjìlá sí mẹ́rin kò fi í sílẹ̀. Lóròòru, á jí, á wọ kóòtù, á máa rìn yí ilé ká. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí ládùúgbò: ẹni tó ń dá rìn lóru, wọ́n ti mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn sá fún wa. Nígbà tí olè kò wọ àdúgbò fún oṣù mẹ́ta ni àwọn onílé pe ìpàdé, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn ọdẹ òru. Kò gba kọ́bọ̀.

Ní 2013 mo wà á lọ sí Èkó, ó ní òun fẹ́ lọ wo òkun ní Bar Beach. A dé ibẹ̀, òkun ò sí mọ́, yanrìn Eko Atlantic ló kù. Mo rò pé inú máa bí i. Ó kàn dúró, ó ń ṣàlàyé fún mi bí ó ṣe jẹ́ pé láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ògiri òkúta méjì sẹ́nu ọ̀nà èbúté, ní nǹkan bí 1908, ni òkun ti ń jẹ Bar Beach. Ó ní ìgbì etí òkun wa láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń gbé yanrìn lọ sí ìlà oòrùn. Bí ògiri bá dá yanrìn dúró lápá kan, ebi yanrìn á pa apá kejì. Ó wá wo ilẹ̀ tuntun náà, ó ní, "Ó dáa. Wọ́n ti gba ibí yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò lọ gba tirẹ̀ níbòmíràn." Ẹ lọ bi àwọn ará Alpha Beach bí òkun ṣe ń ṣe wọ́n.

Ẹ̀yin tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí mọ̀ ọ́n o, bóyá ẹ kàn ti gbàgbé ni. Ní àjọyọ̀ ọdún kìíní wa, 2016, nígbà tí ìjì dé tó fẹ́ gbé kánópì lọ, tí gbogbo wa ń sá kiri, tí Alága àná ń di òpó mú bí ẹni tó ń jìjàkadì, bàbá arúgbó kan ló bọ́ sójò, tó tú gbogbo okùn tí àwọn ọmọ kánópì so, tó sì tún wọn so lọ́kọ̀ọ̀kan. Kánópì náà ò mì mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé àwọn okùn yẹn, torí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Bàbá mi nìyẹn.

Ó kú ní oṣù Kẹjọ 2017, lórí ibùsùn, nínú ilé rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí màámi fi ọdún mọ́kànlélógún gbàdúrà lé lórí ni. Ẹgbẹ́ yìí dúró tì mí, n kò lè gbàgbé. Ẹ máa rántí pé àwọn àgbà mẹ́rin kan wá láti Ajégúnlẹ̀ lálẹ́ àìsùn, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Atukọ̀ ni wọ́n. Wọn ò jó, wọn ò mutí. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi pé agogo wo ni bàbá mi máa ń ṣọ́. Mo ní méjìlá sí mẹ́rin. Nígbà tí agogo méjìlá lù, tí àwọn èèyàn ti ń lọ sùn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ pósí náà, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí di agogo mẹ́rin. Wọ́n wá dìde, wọ́n kí màámi, wọ́n wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Èkó.

Aago Akọ̀wé ti ń wò mí. Èyí tó kù jẹ́ ti iṣẹ́ Alukoro. Láti ọdún yìí, bí ọ̀rọ̀ ìkéde bá kan ẹnikẹ́ni nínú wa, n kò ní gba "bàbá rere" nìkan mọ́. Ẹ óò sọ nǹkan kan tó fẹ́ràn fún mi, ìbáà jẹ́ ayò, ìbáà jẹ́ ẹṣin, ìbáà jẹ́ rédíò BBC, màá sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo gbé àpótí náà wá lónìí. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù: ìwé atukọ̀, fọ́tò River Ogun kan, okùn tó fi ń kọ́ wa ní ìsokùn, àti mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà náà, èyí tí màámi gbà kí ojú rí. Bí ẹ bá fẹ́ rí àlàfo 1989, ó wà ní ojú ìwé tí mo fi bébà pupa sí. Ẹ lè wò ó, ẹ lè fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ ṣáà ti kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ọbẹ̀.